Ohùn Tí Mo Fún Ọkùnrin Dúdú Inú Fíìmù

Ọkùnrin dúdú inú fíìmù náà kò lórúkọ. Mo ti wò ó tó ìgbà ogún, mo dá a dúró, mo dá a padà sẹ́yìn, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní nǹkan kan. Ó yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ, kò wọ ẹ̀wù, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni tí wọ́n da òróró lé lórí. Ó fi eyín han àwọn tó ń jẹun, ó fọ́ àga kan, ó fọ́ àga kejì. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin tó ni fíìmù fò sókè, ó gbá a láyà, ó tún gbá a lẹ́nu, ọkùnrin dúdú sì ṣubú sínú ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná. Ó parí. Wọn ò sin ín, wọn ò béèrè ilé rẹ̀, wọn ò sọ ẹni tó bí i. Ọbẹ̀ tó dànù gan-an rí ẹni sunkún lé e lórí.

Mo kọ ìyẹn síwájú kí ẹ lè mọ̀ pé inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ẹni tó ro eré náà, sí ẹni tó gbé kámẹ́rà, sí ẹni tó ní kí ọkùnrin náà bọ́ ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwọn nìkan ni mo fẹ́ sọ. Èmi náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ọwọ́ tèmi sì wúwo.

Òkè-Sopẹ́n ni wọ́n bí mi sí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bàbá mi ń la pákó. Alhájì kan wà ládùúgbò wa tó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá àti jẹnẹrétọ̀. Bí a bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán, ó máa ń ṣílẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀ fún àwa ọmọdé, a ó bọ́ bàtà jọ síta bí ẹni wọ mọ́ṣáláṣí, a ó wọlé jókòó sílẹ̀. Síídì kan ni wọ́n ń kó fíìmù mẹ́wàá sí nígbà náà, fíìmù àtijọ́ tó ti bó lójú, tí àwòrán rẹ̀ á kàn gan lójijì, tí Alhájì á yọ ọ́, tí á fi etí agbádá rẹ̀ nù ún.

Fíìmù Ṣáínà la ń pe gbogbo wọn. Ìbáà jẹ́ Japáànù ni wọ́n ti ṣe é, ìbáà jẹ́ ìlú mìíràn tí a ò gbúròó rẹ̀ rí, bí ojú àwọn inú rẹ̀ bá ti rí báyìí, Ṣáínà ni. A sì gbà pé gbogbo Ṣáínà ló mọ̀ ọ́n jà. Nígbà tí àwọn Ṣáínà kan wá ń ṣe ọ̀nà lágbègbè wa, a sáré tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ títí dé ibi tó ti fẹ́ jẹun. Ọkùnrin náà sanra, ó wọ dígí, ilẹ̀ ló ń wọ̀n. A ní kó fò. Ó mi orí. A ní kó fọ́ igi. Ó fi ọwọ́ bẹ̀ wá pé ká lọ. Ọ̀kan nínú wa sọ pé, "Irọ́ ló ń pa! Wọn kì í fi hàn!" La bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé e lórí títí tó fi gbé oúnjẹ rẹ̀ wọ inú mọ́tò lọ. Mi ò rò ó nígbà náà pé ebi ń pa á.

Ẹ̀yìn ibi tí bàbá mi ti ń la pákó la máa ń lọ lẹ́yìn fíìmù, nítorí pé ìyẹ̀fun pákó pọ̀ níbẹ̀ bí òkè, ó rọ̀, ìṣubú kì í dunni. Ibẹ̀ la ti ń pín ara wa. Áktọ̀ ni ẹni tó máa borí. Bọ́ọ̀sì ni ẹni burúkú tó máa pẹ́ kó tó kú. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó lágbára ló ń ṣe áktọ̀. Àwọn ọmọbìnrin tó bá wá, a ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n máa sunkún bàbá wọn tí wọ́n pa, nítorí pé iṣẹ́ obìnrin nínú fíìmù náà nìyẹn. Nígbà tó bá wá kan ọkùnrin dúdú, gbogbo wa á dákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mẹ́jọ dúró lórí ìyẹ̀fun pákó ní Òkè-Sopẹ́n, kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò dúdú, a wá ń wojú ara wa, a ń wá ẹni tó máa ṣe dúdú.

Ọmọ kan ló máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Láti Èfìrè ló ti wá, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún létí ọ̀sà, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń pẹja. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ládùúgbò wa, tíṣà ni obìnrin náà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ọmọ náà dúdú díẹ̀ jù wá lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ la fi mú un. Ohun tí àwa ń pè ní ọwọ́, òun ń pè é ní ọghọ́, pẹ̀lú ohùn kan tó ń ti ẹ̀yìn ọ̀fun jáde bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tí kò wá rẹ́rìn-ín mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyá tó bí ìyá mi ń sọ ọghọ́ títí tó fi kú. Ìjẹ̀bú ni. Tiwa ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti nà wá nílé ìwé kúrò nídìí rẹ̀, a sì rò pé ẹni tí wọn ò tíì nà kúrò nídìí rẹ̀ kò lajú.

"Ìwọ lo máa ṣe dúdú."

"Kí ló dé? Èmi ni mo ṣe é lánàá."

"Ìwọ lo dúdú jù."

"Irọ́! Ẹ wo ẹsẹ̀ eléyìí, ó dà bí ìdí ìkòkò!" Èmi ló ń nawọ́ sí.

"Tèmi, oòrùn ló ṣe é," ni mo dáhùn. "Tìẹ, omi ọ̀sà yín ni. Jàre, ará omi, lọ bọ́ ẹ̀wù."

Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó ní, "Ṣé dúdú ò lè borí ni? Lónìí nìkan."

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní, "Kì í borí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe fíìmù náà. Ṣubú, jàre!"

Ó bọ́ ẹ̀wù. Ó ṣubú. Ó mọ̀ ọ́n ṣubú débi pé àwọn tó ń la pákó máa ń dá iṣẹ́ dúró wò ó.

A dàgbà. Kíláàsì kẹta girama ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Mi ò ní purọ́ pé kò sí ẹni tó fẹ́ rán mi, èmi ni mi ò lọ mọ́. Ọmọ Èfìrè yẹn, tó ti di ọ̀rẹ́ mi, parí tirẹ̀. Ó lọ ń tọ́jú pápá àti gbọ̀ngàn eré ìdárayá ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ti ń kọ́ kàrátè. Ó ń gbálẹ̀ fún wọn, ó ń wò wọ́n, títí ẹni tó ń kọ́ wọn fi ní kó bọ́ sáàárín. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, òun ló ń kọ́ èèyàn. Ó rí àyè kan lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọbìnrin sì pọ̀ níbẹ̀ ju ọkùnrin lọ. Ìṣubú ló kọ́kọ́ ń kọ́ wọn. Á ní, "Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣubú, kò lè jà."

Àwa méjèèjì ṣì jọ ń wo àwọn fíìmù àtijọ́ yẹn lórí fóònù mi. Òun ló la ojú mi sí ohun tí mi ò rí rí. Nígbà tó kan ọkùnrin dúdú inú ilé oúnjẹ, ó ní kí n dá a padà.

Ó ní, "Wo ọrùn rẹ̀. Wo bó ṣe ká a mọ́ra kó tó kanlẹ̀. Kò fi orí lélẹ̀ rárá. Ẹni yìí ló mọṣẹ́ jù níbẹ̀, ó ju áktọ̀ yẹn lọ. Áktọ̀ ń fò, òun ló ń gbé e."

"Kí ló dé tó fi gbà?"

"Ta ló bi í léèrè pé ṣó o gbà?"

Ọjọ́ yẹn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi ní tòótọ́. Mo lọ ń wo àwọn yòókù. Ọkùnrin dúdú máa ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin dúdú máa ń kú kó tó di ìdajì fíìmù. Nínú ọ̀kan, àwọn kan wà tí wọ́n ní láti Áfíríkà ni wọ́n ti wá, ewé ni wọ́n so mọ́ ìdí, wọ́n ń fò yí iná ká, wọ́n ń pariwo ohun tí kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni lórí ilẹ̀ ayé. Nínú àwọn tí òyìnbó ṣe, bàbá arúgbó Ṣáínà á lo gbogbo ayé rẹ̀ láti kọ́ ọmọ òyìnbó kan, á sì kú kí ọmọ náà lè rí ohun bínú sí. Gbogbo wọn ń fi ara wọn ṣe àga tí ẹnìkan ń jókòó lé.

Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀rẹ́ mi nígbà náà ni Èfìrè. Gbọ̀ngàn ìlú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó àwọ̀n sí. Ó fẹ́ kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun lọ́jọ́ Sátidé kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ ìlú òun. Á máa sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti ìyàwó àfẹ́sọ́nà. "Èjìká àwọn ọmọ yẹn! Ọkọ̀ tí wọ́n ń tù ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún mi." Ìgbà mẹ́ta ló ti lọ bẹ àwọn àgbà ìlú. Wọ́n ní àwọn máa rò ó.

Ní tèmi, mo ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgọ́-Ìwòyè. A ń kó fíìmù sórí fóònù fáwọn èèyàn. Ọ̀gá mi wá ronú kan ohun tuntun: ká máa sọ Yorùbá lé àwọn fíìmù àtijọ́ lórí. A gbé kúbùsù kọ́ sára ògiri yàrá ẹ̀yìn kí ariwo ọ̀nà má baà wọlé, àwa mẹ́ta la sì ń sọ ohùn gbogbo ará inú rẹ̀, ọmọdé, àgbà, obìnrin, ajá. Mo mọ ohùn mú. Bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, mo lè gbé ohùn rẹ jáde. Ọ̀gá máa ń sọ pé ọjà ló wà lọ́fun mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan la dé orí fíìmù ilé oúnjẹ. Ooru mú, ẹ̀rọ atẹ́gùn ò sí nítorí ariwo rẹ̀, a bọ́ ẹ̀wù. Ọkùnrin dúdú yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sọ nǹkan kan nínú fíìmù gidi, ó kàn ń ké ni. Ayọ̀ sọ nínú mi. Mo ní ọjọ́ rẹ̀ dé.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fún un lórúkọ."

"Orúkọ kẹ̀? Ẹni tó fẹ́ kú sínú ọbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó bá wá, ó kéré tán."

Wọ́n ní kí n gbìyànjú. Mo sún mọ́ máìkì, mo fi ohùn tó dúró dáadáa sọ pé, "Ẹ̀yin lẹ lé àwọn èèyàn mi kúrò nílé wọn. Mo wá béèrè wọn." Mo rò pé ó dára. Títí di òní mo ṣì rò pé ó dára.

Ọ̀gá yán. "Ta ló kú? Ṣé wáàsí la ń ṣe ni? Ṣe é kó pani lẹ́rìn-ín. Ṣe bí ará oko."

Mo la ẹnu, ohùn ọ̀rẹ́ mi ló jáde. Mi ò wá a. Ó wà nítòsí ni. "Yéè! Ọghọ́ mi o! Ẹ má gbá mi lọ́ghọ́ mọ́, ọghọ́ yìí ni mo fi ń fa àwọ̀n!" Mo fa ọ̀rọ̀ náà gùn, mo mú kí ohùn ọ̀nà ọ̀fun yẹn nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, mo fi ìbẹ̀rù sí i, mo fi agọ̀ sí i. Ọ̀gá ṣubú lé kúbùsù. Ẹnì kẹta wa ń lu ilẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ fún ara mi pé ṣebí mo ti fún un lọ́rọ̀ sọ. Ó sàn ju kó yadi lọ. Irú irọ́ tí èèyàn ń pa fún ara rẹ̀ kì í wá ẹlẹ́rìí.

Ó tàn bí iná ọ̀dàn. Wọ́n gé ibẹ̀ nìkan, wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí Wáásápù. Àwọn ọlọ́kadà ń kí ara wọn pẹ̀lú ẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ gbá nǹkan á ké, "Ọghọ́ mi o!" Àwọn tí kò dé etí ọ̀sà rí ń kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bẹ́ẹ̀ làwọn ará omi ṣe ń sọ̀rọ̀ o, ọ̀lẹ ni wọ́n, ojo ni wọ́n." Inú bí mi sí wọn. Ta ló sọ fún yín? Ibo lẹ ti mọ̀ wọ́n? Mo ń bínú, mo ń ka ohun tí wọ́n kọ, àfi bíi pé ẹlòmíràn ló kọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà mo lọ wo ọ̀rẹ́ mi níbi tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní, "Ẹ gbé ọghọ́ sókè." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kékeré kan di ìka rẹ̀ mú, ó ń yí gbiri nílẹ̀, "Yéè! Ọghọ́ mi o!" Ìyá rẹ̀ tó wá mú un délé náà fi gèlè bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi dúró. Ó wá ní, "Ẹ gbé…" Ó sinmi níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fo kòtò. "Ẹ gbé ọwọ́ sókè." Ọkùnrin tó lè fi ẹsẹ̀ gbá mi kí n má dìde mọ́, mo rí i tó ń wá bí òun yóò ṣe pe apá ara òun.

Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

Ó ní, "Mo gbọ́ ara mi nínú fóònù èèyàn."

Mo ní kí n fi ṣe àwàdà. "Ṣé o gbádùn ara rẹ?"

"Èfìrè ló gbádùn mi. Wọ́n ti pè mí. Wọ́n ní ṣé nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ gbọ̀ngàn, kí n lè ráyè máa wò wọ́n fi ṣe fíìmù."

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Èmi ni mo sọ ọ́."

"Wọ́n ní èmi ni mo sọ ọ́. Mo ní èmi kọ́. Màmá mi gan-an ò gbà. Ó ní ohùn ọmọ òun ò lè ṣì mọ́ òun létí."

Bí mo ṣe mọ ohùn mú tó, mi ò rí ìkankan lò.

Ó ní, "Wọ́n máa ṣèpàdé lórí gbọ̀ngàn. Tí wọ́n bá ti gbà pé mo ta ìlú, ó parí, mi ò lè débẹ̀ sọ ohunkóhun mọ́ láyé mi. Wá sọ fún wọn."

Mo ní màá wá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mo ní iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ní ara mi ò yá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo lọ bá ọ̀gá pé kí wọ́n pa ibẹ̀ rẹ́.

Wọ́n ní, "Ṣé èèyàn ń pa adìẹ tó ń yé? Àwọn tó ṣe fíìmù fi aláwọ̀ dúdú ṣe ọbẹ̀, o ò lọ bá wọn. Ará Èfìrè kan ṣoṣo ló wá ń da orí rẹ rú?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé mo ti sọ irú rẹ̀ fún ara mi rí. Àwọn tó ṣe fíìmù, wọn ò gbọ́ orúkọ Èfìrè rí. Wọn ò jẹ ẹja gbígbẹ tí ìyá ọ̀rẹ́ mi ń fi ránṣẹ́ nígbà ọdún Kérésìmesì. Èmi jẹ ẹ́. Mo jẹ orí, mo jẹ ìrù.

Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí mi: "Sátidé ni ìpàdé. Tí o ò bá wá, má wá mọ́ láé."

Mo lọ. Láti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti wọ mọ́tò tó lọ sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀kadà ló gbé mi dé Èfìrè. Wọ́n ti kó àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú gbọ̀ngàn, àwọn àgbà jókòó, ọkùnrin àti obìnrin. Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́bàá ògiri. Mo kí màmá rẹ̀, wọn ò dá mi lóhùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, èmi ni mo sọ ọ́. Kì í ṣe òun."

Alága ìpàdé wò mí. Èdè wọn ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, mo kàn ń kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa kọ ọ́ ni. Wọ́n ní, "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ìjẹ̀bú-Igbó, sà."

"Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ló sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ẹlòmíràn ní, "Ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ó wá gbè é ni. Ẹ má jẹ́ kó fi wá ṣeré."

Èmi ń búra, wọ́n ń mi orí. Mo dé pẹ̀lú òtítọ́, kò sí ẹni tó rà á. Màmá ọ̀rẹ́ mi ló dá wọn lẹ́kun. Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé òun ni, kó sọ ọ́ ká gbọ́."

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó gbójú sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Sọ ọ́."

Mo dìde sórí eékún mi. Mo sọ ọ́. Mo ké e bí mo ṣe ké e nínú yàrá kúbùsù, pẹ̀lú ìbẹ̀rù rẹ̀, pẹ̀lú agọ̀ rẹ̀: yéè, ọghọ́ mi o, ẹ má gbá mi lọ́ghọ́ mọ́, ọghọ́ yìí ni mo fi ń fa àwọ̀n. Níwájú àwọn tí wọ́n ń fa àwọ̀n. Ọwọ́ wọn wà lórí itan wọn, mo ń rí i. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ohùn ara mi bẹ́ẹ̀ rí, láìsí ẹ̀rín tó máa bò ó. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń tutọ́.

Ìyá àgbà kan tó jókòó sí ìpẹ̀kun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọn ò bínú rárá, ìyẹn ló sì pa mí.

Wọ́n ní, "Òun ni. Ẹnu rẹ̀ gba èdè wa dáadáa." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ọmọ, nínú fíìmù yẹn, ẹnìkan borí, àbí kò borí?"

"Ó borí, mà."

"Kí ló dé tí o ò fún òun ní èdè wa?"

Mo ní kí n sọ pé ọ̀gá mi ló ní kí n ṣe bí ará oko. Ó dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Ọ̀gá kò dárúkọ Èfìrè. Èmi ni mo gbọ́ "ará oko", tí ohùn ẹni tó ń bá mi jẹun wá sí mi lọ́fun.

Màmá ọ̀rẹ́ mi dìde, wọn ò wò mí. Wọ́n lọ bá ọmọ wọn lẹ́bàá ògiri, wọ́n di apá rẹ̀ mú, wọ́n sì ní, "Má bínú sí mi. Mo ní ohùn rẹ ni." Ọkùnrin náà sunkún. Látìgbà tí a ti jọ ń ṣubú lórí ìyẹ̀fun pákó, mi ò rí i kó sunkún.

Wọ́n yọ̀ǹda gbọ̀ngàn fún un. Alága fún un ní kọ́kọ́rọ́ lójú gbogbo ìpàdé. Wọ́n ní kí òun àti àwọn ọmọ máa kó àwọ̀n jáde ní àárọ̀ Sátidé, kí wọ́n sì kó o wọlé padà nírọ̀lẹ́. Ní tèmi, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n fún mi lómi mu.

Ó sìn mí dé ibi ọ̀kadà. Mo ní, "Màá máa wá bá ọ kó àwọ̀n."

Ó ní, "Má wá."

"Títí di ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀. Jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn kọ́kọ́ gbọ́ tèmi ná, kí wọ́n tó mọ ẹni tó ń jẹ́ ìwọ." Ó wá fi kún un pé, "O ṣeun tó o wá. Ó yẹ kó o ti wá tipẹ́."

Mi ò ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ìlú Mámu ni mo wà báyìí, mo ń bá ẹnìkan la pákó. Ọ̀gá ti rí ẹlòmíràn tó ń sọ ohùn, kò mọ̀ ọ́n ṣe tó mi, èyí náà ò sì dùn mọ́ mi nínú bí mo ṣe rò. Fíìmù náà ṣì wà lórí fóònù àwọn èèyàn. Kò sí bí mo ṣe lè wọ inú gbogbo fóònù lọ. Tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mo máa ń sọ fún un pé èmi ni, àti pé mi ò dáa síbẹ̀. Àwọn kan ní kí n ṣe é fún àwọn. Mo máa ń bínú sí wọn gan-an, mo sì máa ń rántí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é fún wọn.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní Èfìrè. Ẹnìkan tó ń ti ibẹ̀ kó ẹja wá ló sọ fún mi, ó ní àwọn ọmọ náà ti lé ní ogún, pé ariwo wọn ń dé orí omi. Mi ò bi í bóyá ọ̀rẹ́ mi dárúkọ mi. Mo kàn bi í pé kí ló gbọ́ tí wọ́n ń pariwo.

Ó ní òun ò fetí sí i. Ẹja ló wà lórí òun.